Bí purotéènì bá ń mú ẹran dàgbà, kí ló dé tí a kò kàn fi kún un?

Olùbéèrè

Gbogbo ìwé ló sọ pé purotéènì ni oúnjẹ amáradàgbà, pé òun ló ń di iṣan, ìyẹ́, irun, ẹyin àti wàrà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí oúnjẹ adìyẹ ẹlẹ́yin kì í kọjá 16 sí 18%, tí ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ń tóbi sì tún ń wálẹ̀ sí bíi 14%? Ẹ jẹ́ ká gbé e sí 30% fún gbogbo wọn kí wọ́n tètè dàgbà, kó tán. Ẹ̀ẹ̀kejì ẹ̀wẹ̀, màlúù ń jẹ koríko tí purotéènì inú rẹ̀ kò ju 8 tàbí 10% lọ, síbẹ̀ ó ń tóbi, ó sì ń fún ni ní wàrà. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́, ìwé ni àbí màlúù?

---

Apoúnjẹpọ̀

Kò sí èyí tó purọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ kò tíì rò mọ́ ọn ni pé ara ẹran kò ní àká tó ń kó purotéènì pamọ́ sí. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù ní ibi tó ń lọ: abẹ́ awọ, àyíká ìfun, àyíká kíndìnrín. Gúlúkóòsì tó ṣẹ́ kù ń di glycogen nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan. Bí ibẹ̀ bá kún, ó di ọ̀rá. Ti purotéènì yàtọ̀. Ásíìdì inú ikùn á tú u, pepsin á gé e, trypsin tó ń ti pankíríásì wá á tún gé e wẹ́wẹ́ nínú ìfun kékeré títí yóò fi di amino ásíìdì tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, èyí tí ara níṣẹ́ fún ti di iṣan tàbí ẹyin. Èyí tí kò níṣẹ́, ẹ̀dọ̀ á bọ́ náítírójìn kúrò lára rẹ̀, á sì lo ìyókù bí ìgbà tó ń lo sítáàṣì: á sun ún tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rá.

Náítírójìn tí ẹ̀dọ̀ bọ́ kúrò yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Amóníà ló ń dà, májèlé sì ni amóníà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ń sọ ọ́ di yúríà kí kíndìnrín lè tọ̀ ọ́ dànù, iṣẹ́ yìí sì ń jẹ agbára àti omi. Ẹyẹ ń sọ ọ́ di yúríkì ásíìdì, ìyẹn ohun funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ adìyẹ, agbára tí èyí ń jẹ sì tún ju ti yúríà lọ. Bí a bá sun gíráàmù purotéènì kan nínú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kílókálórì 5.65 ni yóò jáde. Nínú ara ẹran, nǹkan bíi 4 péré ni ìwúlò rẹ̀, torí apá tó pọ̀ nínú ìyókù ti bá ìtọ̀ lọ.

Nítorí náà, 30% tí ẹ ń sọ yẹn, sítáàṣì olówó gọbọi lẹ ń fún ẹran jẹ. Adìyẹ á máa mu omi ju bó ṣe yẹ lọ, ilẹ̀ ilé wọn á rọ̀ fún omi, amóníà á máa ta wọ́n lójú, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á bó. Tí oòrùn bá mú, ọ̀rọ̀ tún burú sí i, nítorí pípín purotéènì sí wẹ́wẹ́ ń mú ooru jáde nínú ara ju ti ọ̀rá tàbí sítáàṣì lọ.

---

Ẹlẹ́dẹ̀-ló-mọ̀

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ àti ẹni tó béèrè àti ẹni tó dáhùn, nọ́ḿbà ara àpò oúnjẹ lẹ jọ ń bá jà. Nọ́ḿbà yẹn kì í ṣe purotéènì. Náítírójìn ni wọ́n wọ̀n, wọ́n wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé purotéènì máa ń ní náítírójìn tó tó 16%. Ohunkóhun tó bá ní náítírójìn yóò gbé nọ́ḿbà náà sókè, yálà ara ẹran lè lò ó tàbí kò lè lò ó. Yúríà tó ní náítírójìn 46% yóò hàn bí ẹni pé ó ní purotéènì tó lé ní 280%. Ìyẹ́ adìyẹ lílọ̀ lè lé ní 80%, bẹ́ẹ̀ ìfun kò lè tú u dáadáa bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná tí wọ́n há mọ́ inú ìkòkò onídèérí sè é.

Àwọn ọ̀daràn mọ ọgbọ́n yìí. Ní 2007, melamine, kẹ́míkà kan tí náítírójìn kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi pọ́n nọ́ḿbà purotéènì lé nínú oúnjẹ ajá àti ológbò pa ọ̀pọ̀ ẹran ní Amẹ́ríkà: ó bá kẹ́míkà mìíràn, cyanuric acid, pàdé nínú kíndìnrín, wọ́n sì di òkúta wẹ́wẹ́ tó dí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú wàrà ọmọdé ní Ṣáínà ni wọ́n tún ti bá a.

Ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń wá kì í ṣe purotéènì lápapọ̀. Amino ásíìdì kọ̀ọ̀kan ló ń wá, bíi mẹ́wàá nínú wọn ni ara rẹ̀ kò sì lè ṣe tó fúnra rẹ̀. Télọ̀ tó ní aṣọ rẹpẹtẹ, ibi tí òwú bá tán sí ló máa dúró. Lysine ni òwú ẹlẹ́dẹ̀, methionine ni ti adìyẹ tó ń jẹ àgbàdo àti sóyà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò 70 àgbàdo tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 8.5%, pẹ̀lú kílò 30 sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tó jẹ́ 44%: purotéènì inú 100 kílò jẹ́ bíi 19%. Lysine àgbàdo ò ju 0.25% lọ, ti sóyà sún mọ́ 2.8%, àpapọ̀ wọn yóò tó nǹkan bíi 1%. Ìyẹn bá ẹlẹ́dẹ̀ tó wà láàárín kílò 20 sí 50 mu. Ẹ wá yọ ìdajì sóyà kúrò, kí ẹ fi ìyẹ́ lílọ̀ dí i. Nọ́ḿbà ara àpò á lé sí i, lysine á wálẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á sì máa dàgbà bí ẹni tí ebi ń pa. Ẹ fi lysine tí wọ́n ń tà ní lẹ́búlẹ́bú kún un, ẹ lè dín purotéènì gbogbogbòò kù ní bíi ìpín méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìdàgbà má sì dín.

---

Darandaran

Ẹ padà sórí màlúù, òun ni ìbéèrè tó dára jù níbí.

Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè tú koríko. Kò sí ẹran elégungun tó ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé sẹ́lúlóòsì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì ló ń ṣe é. Ṣàkì màlúù ńlá lè gba lítà 150 sí 200, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ó gbóná díẹ̀ ju ara lọ. Kòkòrò á jẹ sẹ́lúlóòsì, wọ́n á sì tu ásíìdì mẹ́ta sílẹ̀: acetate, propionate àti butyrate. Ara ṣàkì ni wọ́n ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni màlúù ti ń rí bíi 70% agbára rẹ̀. Acetate ló ń di ọ̀rá inú wàrà. Propionate ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe gúlúkóòsì, nítorí gúlúkóòsì tó ń ti ìfun màlúù wọ ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ purotéènì wá rèé. Kòkòrò wọ̀nyẹn lè fi amóníà lásán ṣe purotéènì ara wọn. Wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń kú, omi ń gbé wọn kọjá sí ikùn kẹrin, níbẹ̀ ni ásíìdì àti pepsin ti ń tú wọn. Ó máa ń lé ní ìdajì amino ásíìdì màlúù tó jẹ́ pé ara òkú kòkòrò ló ti wá. Yúríà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe, kì í tọ gbogbo rẹ̀ dànù. Díẹ̀ ń bá itọ́ padà sínú ṣàkì, kòkòrò á tún gbà á. Bó ṣe ń rí i jẹ lórí koríko 8% nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé pé ó ní ìpẹ̀kun. Bí purotéènì koríko bá ti wálẹ̀ kọjá 7%, ebi á pa àwọn kòkòrò, koríko á pẹ́ nínú ṣàkì, màlúù á sì dín jíjẹ kù bí koríko tilẹ̀ kún ilẹ̀. Ẹni tó rí màlúù tó ń rù nínú koríko gbígbẹ tó ga dé orókún, ohun tó ń wò nìyẹn.

---

Olùbéèrè

Ó ti yé mi. A jẹ́ pé yúríà tí wọ́n ń fi sórí oko la lè fún màlúù, ká jáwọ́ nínú sóyà?

---

Oníṣègùn Ẹran

Ẹ dúró ná, ibí yìí ni ẹran ti ń kú.

Yúríà ṣeé fún màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tí ṣàkì wọn ti gbó. Kò ṣeé fún ọmọ màlúù tó ṣì ń mu ọmú, kò sì ní àǹfààní kankan fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹran jẹ ni kí ẹ rà. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 1% gbogbo oúnjẹ gbígbẹ tí ẹran ń jẹ lóòjọ́, kò sì yẹ kí náítírójìn rẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo náítírójìn tí ẹran ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ ó fi máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọkà tàbí mọ̀lásíìsì, torí kòkòrò nílò agbára tó ń tètè tú kí wọ́n lè gbá amóníà mú. Ẹran tí ebi ń pa kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ pò ó kó dọ́gba, kí òjò má sì kan án: bí omi bá dúró sórí rẹ̀ tí yúríà yọ́, ẹran tó mu omi yẹn ti mu májèlé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé yúríà ń di amóníà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí kòkòrò kò bá rí gbé kó á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè bá a. Láti ìdajì wákàtí sí wákàtí mélòó kan, ẹran á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, inú á wú, èémí á le. Lítà 2 sí 6 ọtí kíkan, irú èyí tó ní ásíìdì 5%, pẹ̀lú omi tútù púpọ̀ la máa ń fi ọ̀pá rọ́bà dà sínú ṣàkì màlúù àgbà kíákíá. Omi tútù ń dín bí yúríà ṣe ń tú kù. Ásíìdì ń yí amóníà padà sí irú tí kì í tètè gba ara ṣàkì kọjá. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ tó ń gan, kò wọ́pọ̀ kó dìde mọ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọkà náà. Ṣàkì fẹ́ kí pH rẹ̀ (ìwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i) wà láàárín 6 sí 7, itọ́ ló sì ń báa tọ́jú rẹ̀: màlúù àgbà ń dá itọ́ tó lé ní 100 lítà lóòjọ́, tó kún fún baikábónéètì tó ń pa agbára ásíìdì. Jíjẹ àpọ̀jẹ ló ń mú itọ́ wá, koríko gígùn ló sì ń mú àpọ̀jẹ wá. Bí ẹran bá já wọ ibi tí wọ́n kó ọkà sí, sítáàṣì á tú kíákíá, láktíìkì ásíìdì tó ń kan á gba ṣàkì, pH á wálẹ̀ ju 5.5 lọ, àwọn kòkòrò tó ń jẹ koríko á kú. Ìgbẹ́ á di omi tó ń rùn kíkan, ẹran á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bó bá sì yè é, ó lè máa tiro fún oṣù púpọ̀.

---

Ẹlẹ́dẹ̀-ló-mọ̀

Tí agbára bá jẹ́ ìṣòro, ọ̀rá ńkọ́? Kílókálórì 9 nínú gíráàmù kan, sítáàṣì 4. Òróró la kàn lè rọ sí i.

---

Apoúnjẹpọ̀

Ẹ̀gbọ́n, òróró ń yí nǹkan mẹ́ta padà, ọ̀kan péré nínú rẹ̀ làwọn ènìyàn ń rí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé adìyẹ ń jẹun dé ibi tí agbára bá tó o. Ẹ fojú inú wo adìyẹ ẹlẹ́yin tó ń jẹ gíráàmù 110 lóòjọ́, tí oúnjẹ rẹ̀ ní kílókálórì 2,750 nínú kílò kan. Nǹkan bíi kílókálórì 302 ló ń rí. Ẹ rọ òróró sí i títí yóò fi di 2,950: bó bá dín jíjẹ kù kó lè bá 302 yẹn mu, gíráàmù 102 àti díẹ̀ ni yóò jẹ. Purotéènì 16% tó ń fún un ní gíráàmù 17.6 tẹ́lẹ̀ ti di 16.4. Kálísíọ́ọ̀mù 3.8% ti wálẹ̀ láti gíráàmù 4.2 sí 3.9. Ẹyin á kéré, èèpo á fẹ́lẹ́, wọ́n á sì ní sóyà ni kò dára. Bí ẹ bá gbé agbára sókè, ẹ gbé gbogbo ìyókù sókè ní ìwọ̀n kan náà.

Ohun kejì jẹ́ ti ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí ọ̀rá bá ti kọjá 6 sí 7% oúnjẹ gbígbẹ, ó ń dí àwọn kòkòrò tó ń tú koríko lọ́wọ́. Ohun kẹta, òróró tó ti rà ń pa fítámì E inú oúnjẹ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó dà á. Bó bá ti ń ta ní imú, ẹ má lò ó.

---

Oníṣègùn Ẹran

Mo fi ẹyọ kan kún un: ara kò lè fi ọ̀rá ṣe gúlúkóòsì, àfi glycerol tó so ọ̀rá pọ̀, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó ń fún ni ní lítà 40 lóòjọ́, ń lo nǹkan bíi gíráàmù 70 gúlúkóòsì sórí lítà wàrà kọ̀ọ̀kan. Ó ti sún mọ́ kílò 3. Bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó, ó ń tú ọ̀rá ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kò ní ohun tí yóò fi sun ún tán, ó di kítóònù. Màlúù á kọ ọkà, èémí rẹ̀ á máa rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa àwọ̀ èékánná rẹ́, wàrà á já wálẹ̀. Màlúù tó sanra jù kó tó bímọ ló sábà máa ń ṣe. Propylene glycol, mílílítà 300 lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, la fi ń tọ́jú rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ lè sọ ìyẹn di gúlúkóòsì. Oyún ìbejì nínú àgùntàn ń fa irú rẹ̀ kí abo tó bí, ìyẹn sì ń pani ju ti màlúù lọ.

---

Ológbò Lọ̀rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, òfin "purotéènì tó ṣẹ́ kù jẹ́ àdánù" yẹn, ẹ má fi ti ológbò kún un. Ẹ̀dọ̀ ológbò kì í dín bó ṣe ń sun purotéènì kù, ó jẹun o, kò jẹun o. Ìdí nìyẹn tí ìlànà oúnjẹ ẹran inú ilé ní Amẹ́ríkà fi béèrè purotéènì 26% ó kéré tán fún ológbò àgbà, tó sì béèrè 18% fún ajá.

Ó tún ní àwọn ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe. Kò lè sọ àwọ̀ ọsàn inú kárọ́ọ̀tì di fítámì A. Kò lè ṣe taurine, irú amino ásíìdì kan, tó, ojú rẹ̀ á sì máa fọ́ díẹ̀díẹ̀ bí taurine bá wọ́n; ní 1987 ni wọ́n fi hàn pé àìtó taurine náà ló ń mú ọkàn ológbò fẹ̀ tí kò fi lè fún ẹ̀jẹ̀ mọ́. Oúnjẹ kan ṣoṣo tí kò ní arginine, amino ásíìdì mìíràn, rárá lè sọ amóníà rẹ̀ di májèlé láàárín wákàtí mélòó kan. Oúnjẹ ajá kò yẹ fún un. Ológbò tó sanra tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀rá ti ń kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

---

Olùsìn Adìyẹ

Apoúnjẹpọ̀ mẹ́nu kan kálísíọ́ọ̀mù, ó sì kọjá lọ. Èèpo ẹyin kan ní kálísíọ́ọ̀mù bíi gíráàmù 2. Bíi 20 wákàtí ni ẹyin fi ń wà níbi tí èèpo ti ń bò ó, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí adìyẹ kò jẹun. Bí òkúta ẹfun bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú nìkan, ó ti tán nínú ìfun kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, egungun ni adìyẹ á máa yá. Ẹ jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán jẹ́ hóró tó tó mílímítà 2 sí 4. Yóò dúró nínú iwe títí di òru, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú ni fífún adìyẹ tí kò tíì yé ní oúnjẹ ẹlẹ́yin kí wọ́n lè "tètè yé". Wọn kò nílò ju bíi 1% lọ. 4% fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́, òkúta funfun á dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀dí rẹ̀.

---

Darandaran

Ti fítámì kò gùn. A, D, E àti K ń bá ọ̀rá rìn, ara ń kó wọn pamọ́, àpọ̀jù A àti D sì ń pa ẹran. Àwọn B kò ní àká tó pẹ́, àfi B12. Kòkòrò inú ṣàkì ń ṣe B fún màlúù, àmọ́ wọn kò lè ṣe B12 láìsí cobalt. Níbi tí cobalt kò bá sí nínú ilẹ̀, àgùntàn á rù nínú koríko tútù yọ̀yọ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣomi.

---

Olùbéèrè

Ẹ ṣé o. Ẹni tí kò ní ilé àyẹ̀wò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé purotéènì ti pọ̀ jù tàbí kò tó?

---

Apoúnjẹpọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ omi, kì í ṣe lọ́dọ̀ purotéènì. Ní ìgbà tí ooru kò mú, adìyẹ ń mu omi tó wúwo ní ìlọ́po méjì oúnjẹ rẹ̀. Bí omi bá wọ́n, kò ní jẹun, oúnjẹ tó dára jù lọ kò sì ní ṣe nǹkan kan. Bí omi bá tó tí wọ́n ń mu ju ìlọ́po méjì lọ láìsí ooru, tí ilẹ̀ rọ̀, tí amóníà ń ta ní imú lówùúrọ̀, ẹ yẹ iyọ̀ wò kí ẹ tó yẹ purotéènì wò, torí àpọ̀jù iyọ̀ ń fa ohun kan náà.

Tí kò bá tó: ìyẹ́ kì í hù dáadáa, wọ́n ń já ìyẹ́ ara wọn jẹ, ẹyin kéré. Ẹ wá wo agbára. Bí ẹran bá rù tí ìyẹ́ sì burú, agbára ni kò tó, ó ń sun purotéènì dípò sítáàṣì. Ẹ fi ọkà kún un. Bí ó bá sanra, tí ọ̀rá kún abẹ́ ikùn rẹ̀, tí ìyẹ́ sì burú, agbára tó, amino ásíìdì ni kò tó. Methionine lẹ ó kọ́kọ́ wá.

---

Ẹlẹ́dẹ̀-ló-mọ̀

Lórí omi yẹn, ẹ gbọ́ èyí. Bí ọ̀nà omi ẹlẹ́dẹ̀ bá dí fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣí i sílẹ̀ gbáà lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ ti kó jọ sínú ọpọlọ wọn. Omi tó ya dé lójijì á tẹ̀ lé e wọ inú ọpọlọ, á wú, ẹlẹ́dẹ̀ á fi orí ti ògiri, á jókòó bí ajá, á máa gan. Ẹ bu omi fún wọn díẹ̀díẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta lítà fún ẹlẹ́dẹ̀ kílò 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí òùngbẹ á fi rọ̀ wọ́n, kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ omi padà. Kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tẹ ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́.